Yìnyín Tó Gbẹ́ Ògiri

Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rìn yí Bouaké ká, irọ́ ni mo fi rìn ín. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ìlú náà, ní Côte d'Ivoire, nígbà yẹn, kò sì sí ibi tí mo mọ̀ níbẹ̀ ju Broukro tí ilé wa wà, ọjà tí mo ti ń ra ata, àti ilé ìwòsàn tí mo bí ọmọ mi sí. Àlejò ló jẹ́ kí n mọ ìyókù. Àlejò náà ni ìyá ọkọ mi, ó sì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá mú ọmọ mi lọ.

Kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí ọkọ mi sọ ni pé Màmá fẹ́ wá wò wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń bá Màmá tú ẹrù, mo rí bàtà ọmọdé méjì àti aṣọ iléèwé kan tí wọ́n rán tóbi díẹ̀, kó lè pẹ́ lára ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Mo mọ àwọ̀ aṣọ náà. Kí wọ́n tó gbé mi wá síbí, mo máa ń rí àwọn ọmọ tó wọ̀ ọ́ tí wọ́n ń kọjá níwájú ilé wa ní gbogbo àárọ̀. Mo ká a padà, mo tì í bọ abẹ́ ìró Màmá, mo ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Ará ìlú wa kan tó kọjá lọ́dọ̀ wa ló lọ sọ fún un pé ọmọ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní Jùlá àti Faransé ló ń sọ, pé bí àgbà bá kí i, 'ça va' ló ń fi dáhùn, á sì dúró gbọin bí òpó iná, kò ní kúnlẹ̀. Ohun tó sọ kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Ọmọ mi gbọ́ Yorùbá. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń sọ ọ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ta ohun èlò ara alùpùpù, ọjà Brobo lónìí, ọjà Marabadiassa lọ́la; bó bá jáde lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó wọlé. Nínú àgbàlá wa, Baoulé ni wọ́n lápá ọ̀tún, Jùlá ni wọ́n lápá òsì. 'Anago' ni gbogbo wọn ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n ń kí mi dáadáa, èmi náà ń kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹni tí mo lè sọ fún pé mo lá àlá ìyá mi lóru àná, tàbí pé inú mi kàn bàjẹ́ lónìí, tí mi ò sì mọ ohun tó fà á, ọmọ ọdún márùn-ún yẹn ni. Òun náà kì í sì í sọ Yorùbá lójú ẹlòmíì. Ó fi í pamọ́ sáàárín èmi àti òun, bí aṣọ tí èèyàn kì í wọ̀ jáde.

Nítorí náà, nígbà tí Màmá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó sì na ọwọ́ sí i, tó pe oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó bi í pé, "Ṣé dáadáa lo wà?" ọmọ mi wò ó, ó ní, "Ça va."

"Kí ló wí?"

"Ó ní dáadáa lòun wà, Màmá."

"Ẹnu tiẹ̀ ni mo bi. Mi ò bi ẹnu tìẹ."

"Ó gbọ́ o, Màmá. Kì í kàn sọ ọ́ lójú àjèjì ni."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí n tó mọ̀. Màmá sọ àpò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Èmi? Èmi tí mo bí ẹni tó bí i? Àjèjì!"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí orógbó. Bí mo bá gbé omi fún un, á ní, "Àjèjì dúpẹ́." Bí mo bá bi í bóyá kí n fi ẹran kún un, á ní, "Àjèjì ti yó."

Mo mú un lọ sọ́jà kí ara rẹ̀ lè yá. Mo kí ìyá oníṣu kan ní Jùlá, obìnrin náà sì dáhùn bí àwọn obìnrin Jùlá ṣe ń dáhùn, ó ní, "N sé." Màmá yí ojú wo ẹ̀yìn ìyá náà, ó wo abẹ́ tábìlì.

"Kí ló ní ó ń sè? Mi ò rí ìkòkò."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó pẹ́ tí àgbàlagbà ti ṣẹ̀fẹ̀ létí mi lédè mi. Ẹ̀rín náà ló tún bà mí nínú jẹ́, torí mo rántí pé lọ́jọ́ Sátidé yóò lọ, ẹni tí èmi àti ẹ̀ ìbá sì jọ máa sọ ìtàn ìkòkò yẹn ló fẹ́ mú lọ.

Mo pe ọkọ mi ní Marabadiassa. "Kí lo fẹ́ kí n sọ?" ló wí. "Ohun tí Màmá bá ti sọ náà ni." Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní oníbàárà ti dé.

Bí ọ̀rọ̀ rírin ìlú ṣe dé nìyẹn. Ìyá Baoulé tó wà lápá ọ̀tún ní ìbátan kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kó máa mú àlejò káàkiri Bouaké, kó máa fi ibi àtijọ́ hàn wọ́n. Mo rò ó pé bí Màmá bá fojú ara rẹ̀ rí i pé ìlú ni èyí, ìlú tó ní ìtàn, tó ní mọ́ṣáláṣí ńlá àti iléèwé, kò ní wò ó bí igbó tí èèyàn ń sáré yọ ọmọ kúrò nínú ẹ̀. Èmi ni màá máa túmọ̀ Faransé ọkùnrin náà sí Yorùbá. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà nílé, mi ò mọ Faransé kankan nígbà tí mo dé. Inú àgbàlá àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó tó mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọkùnrin náà gbé takisí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá síwájú ilé. Ó tẹ orí ba fún Màmá, ó ní, "Akwaba, Maman."

Ojú Màmá tàn yẹ́ẹ́. "Ẹ kú ilé o!"

Ó yí sí mi. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ó ní 'a kú àbọ̀'. Wọ́n ń sọ Yorùbá fàlàlà níbí, o wá ń sọ fún mi pé ọmọ ò ríbi kọ́ ọ!"

'Akwaba' ni Baoulé fi ń kí àlejò káàbọ̀. Gbogbo Côte d'Ivoire ló ń lò ó, bí ẹ bá sì gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀, kò jìnnà sí tiwa lóòótọ́. Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un. Mo kàn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, a ò tíì wọ ọkọ̀.

A kọ́kọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí ńlá. Màmá kírun ráka méjì, èmi àti ọmọ jókòó sábẹ́ ìbòòji níta. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti rọ̀. Ó béèrè ìbéèrè púpọ̀, mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní ilé ìjọsìn àgbà ti àwọn Kátólíìkì, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní ṣé wọ́n ń bọ́ bàtà ni. Mo ní rárá. "Họ̀wù, ilẹ̀ tó mọ́ tó báyìí!" Ó bọ́ tiẹ̀, ó fi í sábẹ́ abíyá, ó yọjú wo inú ilé náà, ó padà jáde.

Ibi tí irọ́ ti wá gbòòrò ni ibùdókọ̀ ojú irin. Ọkùnrin náà ní láyé àtijọ́, ojú irin yìí ni ọ̀pọ̀ Anago gbà dé pẹ̀lú ẹrù lórí, pé wọ́n ń ta abẹ́rẹ́ àti dígí lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ojú Màmá tó ń wo irin tó gùn lọ yẹn, mo sì fẹ́ kó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ó ní àwọn èèyàn wa ló sọ ìlú yìí dìlú, Màmá. Ó ní kò sí ọmọ tó ń tètè mọ̀wé níbí bí ọmọ Anago. Àwọn olùkọ́ gan-an ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá tọ́ níbí, ibi gbogbo ló lè gbé láyé."

Màmá wò mí, ó wo ọkùnrin náà. "Faransé ẹ̀ kúrú. Yorùbá ẹ gùn."

"Bí Faransé ṣe rí nìyẹn, Màmá. Ọ̀rọ̀ kékeré ló ń gbé púpọ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bi mí ní Faransé pé, "Madame, ṣé gbogbo ìyẹn ni mo sọ?" Mo ní kí a máa lọ. Nígbà tí a ń sọdá ojú irin, mo rí i pé ọmọ mi ti na ọwọ́ sí Màmá láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó ṣe é. Màmá dì í mú. Inú mi dùn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, inú mi tún bàjẹ́: ọwọ́ tí mo mọ̀ pé kì í gba ọwọ́ ẹlòmíì ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló mú wa lọ síbi ilé àtijọ́ kan tí ògiri rẹ̀ lu ihò káàkiri. Àwọn ihò náà tóbi tó orí ìka, àwọn mìíràn tó ìkúùkù. Ó dúró, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní lọ́dún tí orílẹ̀-èdè pín sí méjì, wọ́n jà níbí. Ó ní ìbọn ló ṣe ògiri náà bẹ́ẹ̀, pé àwọn tó nilé ò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ, kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ lè máa rí i. Ó ní iléèwé tì, ọ̀pọ̀ èèyàn sá lọ, òun náà sá lọ. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní wọ́n ti padà dé. Òun náà ti padà dé. Ìlú sì ti kún.

Màmá yí sí mi. "Kí ló wí?"

Aṣọ iléèwé yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn, bí wọ́n ṣe ká a. Mo rò ó pé bí mo bá ti dárúkọ ogun báyìí, ó ti parí nìyẹn.

"Ó ní... yìnyín ni, Màmá. Ó ní òjò ńlá kan rọ̀ láyé àtijọ́, yìnyín ló gbẹ́ ògiri."

"Yìnyín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá sún mọ́ ògiri, ó ki ìka bọ ihò kan. "Yìnyín ìlú yín, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń rọ̀ ni?"

Kí n tó rí èyí tí màá sọ, ohùn kékeré kan ti dáhùn láti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Rárá, Ìyá àgbà, kì í ṣe yìnyín. Tonton ní ìbọn ni." Tonton ni àwọn ọmọ ibí ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá ti dàgbà. "Wọ́n ń jà, àwọn èèyàn wá sá lọ. Ṣùgbọ́n ó ní wọ́n ti padà dé o. Máámi ò gbọ́ ọ dáadáa ni."

Mi ò mọ èyí tó dùn mí jù: pé ó tú àṣírí mi, tàbí pé ó gbèjà mi. Yorùbá rẹ̀ mọ́ gaara, Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú 'o' tí mo máa ń fi parí ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. Ohùn ara mi ni mo gbọ́. Ọkùnrin náà ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Màmá ò wo ògiri mọ́. Ọmọ náà ló ń wò.

"Tún un sọ."

Ọmọ mi ti fi ìró mi bo ojú.

A jẹ ẹja àti atiékè tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe níbì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Gàárì ni Màmá pe atiékè náà, mi ò tún sọ pé rárá. Ọkùnrin náà ní ó ku ibì kan, ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ Baoulé lẹ́yìn ìlú. Mo fẹ́ sọ pé kí a máa lọ sílé. Màmá ní, "Kó mú wa lọ. A ti sanwó ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin ló ń hunṣọ níbẹ̀ lórí òfì tó jọ tiwa, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláró àti funfun. Ọmọ mi lọ dúró ti ọ̀kan nínú wọn, ó ń wo bí ọkọ̀ òwú ṣe ń fò láti ọwọ́ kan bọ́ sí ìkejì. Wọ́n gbé aṣọ kan lé Màmá lọ́wọ́. Kò wo ojú rẹ̀. Ó yí i dà.

"Ẹ̀yìn aṣọ la fi ń mọ ahunṣọ," ló wí, kì í ṣe fún wọn. "Láti àárọ̀ lo ti ń fi ojú ìlú yìí hàn mí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"Ọdún tí ìjà lé àwọn èèyàn wa kúrò níbí, mẹ́fà nínú wọn ló sùn lọ́dẹ̀dẹ̀ mi. Mo fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ ẹnì kan fún oṣù kan gbáko torí ìrìn. Èmi lo wá ń sọ yìnyín fún?" Ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún un. "Mo ti mọ̀ pé wọ́n jà níbí kí n tó wọ ọkọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí ìwọ ń sá fún."

Mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé ìlú yìí dára fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ láti àárọ̀ nìyẹn. Ohun tó jáde kọ́ nìyẹn.

"Mi ò fẹ́ kí ẹ mú un lọ, Màmá. Òun nìkan ni mo ní tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá mú un lọ, ó máa di ìparí ọ̀sẹ̀ kí n tó gbọ́ 'ẹ káàárọ̀'."

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. Òfì ń dún kì-kà, kì-kà.

"O jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ tó ti wú yìí yí gbogbo ìlú ká torí pé o ò lè lanu sọ ìyẹn?"

"Ẹ má bínú."

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n wà nínú àgbàlá yẹn, ibo ni wọ́n ń lọ láràárọ̀?"

Mo mọ ibi tó ń lọ. "Iléèwé."

"Òun ńkọ́?"

Mo ti sọ fún ọkọ mi pé ó ń wúkọ́. Ọdún tó kọjá ni. Ikọ́ náà ò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi san, èmi ni mo fi ẹnu dá ọmọ náà dúró sílé. Mo ní atẹ́gùn ò dáa, mo ní ọ̀nà jìn, mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Láràárọ̀, bí àwọn ọmọ àgbàlá bá ti ń jáde pẹ̀lú àpò lẹ́yìn, màá ti ilẹ̀kùn, màá ní, "Ó yá, wá bá mi ṣa ìrẹsì," inú mi á dùn. Mi ò sọ gbogbo èyí fún Màmá. Mo kàn sunkún. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni, ọkọ mi sì ti sọ ọ̀rọ̀ ikọ́ náà fún un.

"Kí n má purọ́ fún ọ," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, "mo wá mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Kí n tó dé, ìwọ ti mú un lọ. Inú yàrá lo mú un lọ."

Ó ká aṣọ náà, ó dá a padà fún olówó rẹ̀.

"Ó gbọ́ Yorùbá. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ, o ti kọ́ ọ, mo dúpẹ́. Jẹ́ kó máa lọ síléèwé. Bó bá ti ń lọ, mi ò mú un. Bí mo bá tún gbọ́ ikọ́, màá padà wá, mi ò sì ní bá ọ yí ìlú kankan ká."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi ti dé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sin Màmá dé ibùdókọ̀. Ọmọ mi kúnlẹ̀ ní ìdajì, ó ní, "Ó dàbọ̀, Ìyá àgbà." Màmá gbé e mọ́ra, ó ní, "Àjèjì ń lọ o," òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, mo rí i pé ó fi bàtà méjèèjì sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì mú aṣọ iléèwé náà padà. Bàtà ò nílùú.

Ọjọ́ Ajé, ọkọ mi gba ọ̀nà Brobo lọ. Mo fi bàtà tuntun náà sí ọmọ mi lẹ́sẹ̀, mo mú un lọ. Ìyá olùkọ́ ní a ti pẹ́ jù lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n kó wọlé, kó máa bá wọn ṣeré. Mo rò pé yóò sunkún. Mo ti ń múra láti rẹ̀ ẹ́. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó wọlé. Mo gbọ́ tó ń sọ Faransé fún ọmọ kan pé bàtà òun wá láti ọ̀nà jíjìn.

Mo dá rìn padà. Ìyá Baoulé jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń já ewé gbágùúdá. Ó wo ẹ̀gbẹ́ mi tó ṣófo, ó wo ojú mi. "Akwaba," ó wí, bó ṣe máa ń wí nígbàkigbà tí mo bá ti ìta dé, láti ọdún mẹ́fà.

Mo máa ń fi Faransé dá a lóhùn ni. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ kú ilé o," ni mo wí.

Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó tún padà sídìí ewé rẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó. Agogo mẹ́sàn-án ò tíì lù.